Sí Àṣàkẹ́, Tí Wọ́n Ní Kó Wá Tọ́jú Àjàrà Létí Òkun Tútù

Al-Kakíyà, Mẹ́kà
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le, ara bàbá rẹ le, àbúrò rẹ sì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tètè sọ èyí nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí lẹ́tà bá ti gùn báyìí, ẹ̀yìn lo máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí o lè mọ̀ bóyá ẹnì kan kú. Kò sẹ́ni tó kú. Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kí o sì jókòó.

Dókítà Bùsàírí mú lẹ́tà rẹ dé láti Kép, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá rẹ ti lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Al-Abídíyà, èmi nìkan ni mo wà nílé, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ nínú gbogbo àwọn tó wá síbẹ̀, mo dìde ní kíṣìnì mi, mo sì jó. Èmi tí orúnkún ń dùn! Ọmọ tí mo pọ̀n rìn kiri ní Al-Hindawíyà ní Jẹ́dà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá lórí oko ńlá bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ tí ìwé ìrìnnà wa kò jẹ́ kí a dé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo yìn ọ́, ọmọ mi. Orí mi wú títí aṣọ fẹ́ já kúrò lórí mi.

Ìgbà tí mo wá dé ojú ìwé tó kẹ́yìn ni mo tó jókòó. O kọ ọ́ pé, "Màámi, ọtí wáìnì pupa ni wọ́n ń fi àjàrà tí n ó máa tọ́jú ṣe. Bí yóò bá kó ìtìjú bá ẹ̀yin àti Bàbá ní Mẹ́kà, ẹ sọ ọ́, n kò ní fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà. Wọ́n fún mi di ìparí oṣù." Dókítà ń padà lọ lọ́jọ́ Sátidé, òun ni yóò mú èsì yìí bọ̀. Ìdí rèé tí mo fi jókòó tì í lónìí, tí mo ti ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná.

N ó dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n n kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá ọ lóhùn, nítorí èmi kọ́ ni màá bá ọ ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò méjì ni mo ti jìn sí láyé mi. O mọ ọ̀kan. Èkejì, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí.

Ìkíní. Má fi àdúrà dípò ìmọ̀.

Ṣé o rántí igi àjàrà orí òrùlé wa ní Al-Hindawíyà? Obìnrin kan láti Táífù lórí òkè, tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, ló gé ẹ̀ka rẹ̀ fún mi, ó wé e sínú aṣọ tútù, ó ní kí n lọ gbìn ín. A ti jẹ àjàrà Táífù nígbà yẹn, o mọ bó ṣe ń dùn. Inú mi dùn débi pé mo ra ìkòkò tó tóbi ju ìwọ alára lọ. Mo wá rò ó pé igi tó ti ilẹ̀ rere wá, omi rere ló yẹ kó máa mu. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ṣe Úmúrà dé ni mo ń bu omi Sàmúsámù, omi ìbùkún Mẹ́kà, láti inú gálọ́ọ̀nù, tí mo ń dà á sí i nídìí. Àwọn àlejò ń gbé ife dání, wọ́n ń bẹ̀ mí fún díẹ̀, èmi ń rọ ọ́ fún igi.

Etí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó. Mo tún fi kún omi. Ìwọ, tí o kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, gòkè wá, o wò ó, o ní, "Màámi, ní Táífù, a da kúbùsù bora lálẹ́. Níbí a kì í da nǹkan kan bora. Ṣé kì í ṣe òtútù ni igi yìí ń fẹ́?"

Mo ní, "Omi Sàmúsámù ni mo ń fún un, ìwọ ní òtútù. Gbé tírà kéwú rẹ, jàre."

Lọ́dún kẹta ó so ṣírí kan ṣoṣo. Bàbá rẹ fi ọ̀kan sẹ́nu, ó ní, "Súgà ni." Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Adùn lásán ni, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, kò ní kíkan kankan tó lè jí ẹnu ẹni. Ooru Jẹ́dà kò fún un ní ìsinmi lọ́sàn-án, kò fún un lóru, iyọ̀ inú omi tí mo sì ń rọ sí i kò jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ mí. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe lára èèyàn, n kò ronú kàn án lára igi. Ìbùkún wà nínú omi yẹn, ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fi ìbùkún sínú omi, òun náà ló fún igi ní ìwà tirẹ̀, mi ò sì bi igi léèrè. Ìwọ lo bi í. Mo gbàgbọ́ pé ọjọ́ yẹn niṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, mo sì ní kí o lọ gbé tírà.

Àlàyé tí o ṣe nínú lẹ́tà rẹ wá yé mi dáadáa nítorí ìkòkò yẹn. Èmi rò pé òkun ni òkun. Òkun tiwa yìí, bí o bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ló rí. O ní ti ọ̀hún ń ti ìsàlẹ̀ ayé bọ̀, ó tutù débi pé ọkùnrin tó gbójú kò lè dúró nínú rẹ̀ pẹ́. O ní ìkùukùu rẹ̀ ń bo oko láàárọ̀, atẹ́gùn rẹ̀ a sì dé lọ́sàn-án ṣáájú kí oòrùn tó ṣe bó ṣe fẹ́, nítorí náà èso ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, kíkan rẹ̀ kì í sá lọ, adùn náà kì í yára gorí rẹ̀. Ọtí wáìnì tó bá tibẹ̀ jáde, pupa rẹ̀ a máa mọ́lẹ̀, èèyàn lè rí ìka ọwọ́ rẹ̀ láti òdì kejì ife, ó fúyẹ́, òórùn rẹ̀ dà bí ti èso wẹ́wẹ́ inú igbó tí a fi ata díẹ̀ sí. Ẹ̀ka igi kan náà, bí wọ́n bá gbé e kọjá òkè lọ sínú ilẹ̀ tí atẹ́gùn òkun kò dé, á dúdú, á ki, á lágbára débi pé ife kan á ti gbé ọkùnrin sùn. O tún ní oríṣi kan wà tí kò gbọdọ̀ dé etí òkun rárá, torí ó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n: òtútù á bá a lórí igi, ọtí rẹ̀ á sì máa rùn bí ewé tútù.

Mo ka ibẹ̀ fún bàbá rẹ. Ó mi orí títí. Ó ní, "Ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ." O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í yin èèyàn lójú, kì í sì í yìn wọ́n lẹ́yìn. Nítorí náà kọ ọ́ síbì kan.

Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ fún ọ nìyí: mọ èyí tí ìwọ jẹ́. Àwọn kan yóò wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tètè pọ́n, tí ẹnu wọn dùn, tí wọ́n ti ń gba ìyìn kí o tó mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Má bá wọn sáré. Ìwọ, ọdún kan gbáko lo fi rá kí o tó rìn, ọjọ́ tí o wá dìde, o kò ṣubú. Kí o sì kí àwọn tó ń fi ọwọ́ gé àjàrà náà láàárọ̀ kí o tó kí àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà wọn ni ìwé tí o kò tíì kà. Ra aṣọ òtútù méjì, èyí tí o ní yẹn kò tó.

Ìkejì, tí í ṣe ti ẹ̀sìn wa. N kò ní fi ọwọ́ bò ó.

Lọ́jọ́ kẹta tí lẹ́tà rẹ dé, bàbá rẹ pè mí jókòó, ó ní, "O ní wọ́n fi iṣẹ́ méjì lọ ọmọ yìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú ilé tí wọ́n ti ń fún àjàrà, tí wọ́n ti ń tọ́ ọtí rẹ̀ wò. Ó ní òun kò ṣe ìyẹn. Ó sọ fún wọn níwájú gbogbo ìgbìmọ̀ pé ọtí kò ní kan ẹnu òun láéláé. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe máa wá mọ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára. Ó ní èso ni òun yóò máa wọ̀n, àti adùn rẹ̀, àti kíkan rẹ̀, àti ojú ọjọ́."

"Wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Inú mi ì bá dùn jù bó bá jẹ́ èso dàbínù ló fẹ́ tọ́jú. Sọ fún un pé ilẹ̀ àti atẹ́gùn ni kó kọ́, kó kọ́ ọ dójú àmì, kó má sì jẹ́ kí wọ́n sún un wọ ilé ọtí yẹn ní ìṣísẹ̀ kan. Bó bá sì rí oko tí wọ́n ti ń sá àjàrà gbẹ fún jíjẹ, kó rántí pé bàbá òun ń dúró."

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ nìyẹn, mi ò bù kún un. Tèmi ni pé àwọn kan yóò wà tí wọ́n á sọ pé kò yẹ kí o sún mọ́ ọn rárá. Wọ́n lè jàre rẹ. Má bá wọn jà, má sì fi tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Máa bi Ọlọ́run nínú ìrun rẹ lójoojúmọ́, ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà bí o ti ń dàgbà. Ohun tí mo kọ̀ fún ọ ni kí o máa ṣe é, kí o sì máa fi í pamọ́. Ibẹ̀ ni kòtò kejì wà.

Ọmọ mi, mo ti sọ fún ọ pé epo ni bàbá mi ń ṣe. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ nígbà tó fẹ́ mi. Mo sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tó ti jókòó nínú pálọ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé Sàúdí. Irọ́ ni. Adẹ́mu ni bàbá mi.

Làmídì ni wọ́n ń pè é, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìwó. Ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, kò sì mu ẹmu rí. Àwọn àlúfáà bá a wí títí, ó ní ilẹ̀ tí òun jogún, ọ̀pẹ ni òun bá lórí rẹ̀. Ní ìdájí ló máa ń so igbà mọ́ ìdí, àpá igbà náà sì wà lára rẹ̀ títí ó fi kú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á gbé akèrègbè sétí, á gbọ́ bó ṣe ń hó, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Ti orí òkè nìyí, ó ki." Tàbí kó ní, "Ògùrọ̀ ẹsẹ̀ odò ni, ó fúyẹ́, àárọ̀ ni kí ẹ mu ún." Nígbà ọyẹ́, ẹmu rẹ̀ máa ń dùn títí di ọ̀sán. Nígbà ooru, kó tó di pé oòrùn gòkè, ó ti kan. Òun ló kọ́ mi pé òtútù ló ń dá a dúró. Nígbà tí mo wá ka lẹ́tà rẹ, ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. O kò mọ̀ ọ́n rí, o kò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìwọ náà ń mọ ọtí láìmu ún.

Ẹmu yẹn ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò kan, ó wá. Ó wọ agbádá tó dára jù lára tirẹ̀, ó gbé iṣu sísun àti ẹran ìgbẹ́ wá fún mi, ṣùgbọ́n òórùn ẹmu kì í kúrò lára adẹ́mu, o kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Èmi àti àwọn ọmọ olówó la jọ dúró. Mẹ́tírọ́ọ̀nù wa ń kọjá, ó fi imú fà, ó bi mí pé, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Òṣìṣẹ́ oko wa ni, Mà. Bàbá mi ló rán an."

Bàbá mi wò mí. Ojú rẹ̀ kò le. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mẹ́tírọ́ọ̀nù, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bàbá wọn ló ní kí n kó oúnjẹ wá fún wọn." Ó wá yíjú sí mi, èmi ọmọ tó bí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ máa tọ́jú ara yín." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ibà mú un kí n tó jáde nílé ìwé, ó kú. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn, Àṣàkẹ́, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró níwájú Kààbà, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lé lórí, bàbá rẹ sì rò pé ẹ̀sìn ló ń mú mi sunkún.

Mo ti rò ó lọ́jọ́ Àìkú yẹn bí n óò ṣe máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fáwọn èèyàn. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí n ó máa sọ: "Ó wà nídìí èso." Kì í ṣe irọ́, àbí? Epo náà kì í ṣe irọ́ tán, ọ̀pẹ kan náà kúkú ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ilé kejì sí wa. Àwa obìnrin kún yàrá. Ìyàwó ẹnjiníà tó ń gbé òkè wa dá ẹnu lé e pé, "Àlàájà, wọ́n ní Àṣàkẹ́ ti ríṣẹ́. Àlàmùdùlíláì. Iṣẹ́ kí ni?"

Ẹnu mi ti là láti sọ ti èso. Àfi bí mo ṣe rí ojú bàbá mi tó ń wò mí, ojú tí kò le yẹn. Mo ní, "Àjàrà ni yóò máa tọ́jú, létí òkun ní Kép. Wọ́n ń fi ṣe ọtí wáìnì. Òun kì í fọwọ́ kan ọtí, atẹ́gùn àti ilẹ̀ ló ń kọ́ nípa rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ẹnì kan tọrọ àforíjì Ọlọ́run, ó ní "Àsitàgífírúlà". Ẹlòmíràn gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n kúkú parí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má fi ṣe ti ọmọ náà. Ìdílé mi ló ti bá a. Adẹ́mu ni bàbá tó bí mi. Làmídì, lẹ́yìn Ìwó."

Ìyá àgbà kan wà nídìí fèrèsé, Àlàájà Sífáwù, ìyá ìyá ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti ilé ní Ìwó fún Úmúrà. Ó ní, "Làmídì wo? Làmídì tó ń dá ògùrọ̀ létí odò? Ìwọ ni ọmọ rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

Ó ní kí n súnmọ́ òun, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Lọ́dún tó lọ wò ọ́ ní Ìbàdàn, kò jẹ́ ká gbádùn. Gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹmu ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní mẹ́tírọ́ọ̀nù òyìnbó ni àbí aláwọ̀ dúdú, n kò mọ̀ mọ́. Ó ní o dì mọ́ òun níwájú rẹ̀, o pariwo fún gbogbo ilé ìwé pé, 'Bàbá mi nìyí, adẹ́mu ni, òun ló rán mi wá síbí.' Ó ní kò sí ọmọ bí rẹ."

Mo fi orí lé itan ìyá náà, mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ayọ̀ ni.

Bàbá mi parọ́ yẹn kiri abúlé kí wọ́n má baà fi ojú burúkú wò mí. Ó gbé e wọ sàréè. Nítorí náà, fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ, Àṣàkẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo Al-Kakíyà pé ọmọ mi nìyí, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyí, òótọ́ sì ni èmi sọ.

Ìyá rẹ ni,
Múnírátù, ọmọ Làmídì adẹ́mu.